Àga Kejì: Lámèyítọ́ Lórí Ìtàn Àwọn Ọ̀rẹ́ Ojú Ogun

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ogún ọmọdé kì í ṣeré gba ogún ọdún. Mo gbà pé òótọ́ ni. Àwọn tí a jọ wọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Agósásà ti fọ́n ká. Àwọn kan wà ní Èkó, àwọn kan ti sọdá ẹnubodè lọ sí Bẹ̀nẹ̀, àwọn kan ti di ará Ìlaró àti Abẹ́òkúta. Ṣùgbọ́n mo mọ àwọn méjì kan tí òwe yìí kò bá mu. Bàbá àgbà mi àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá ara wọn ṣọ̀rẹ́ fún ohun tó lé ní àádọ́ta ọdún, ojú ogun ni wọ́n sì ti pàdé.

Lọ́dún 1967, nígbà ogun abẹ́lé ilẹ̀ wa, àwọn méjèèjì wà lára ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n gbìyànjú láti sọdá odò Ọya láti Àsábà lọ sí Onitsha. Oṣù kẹwàá ọdún náà ni, ọ̀pọ̀ ọmọ ogun ló sì bá a lọ. Inú ọkọ̀ ojú omi kan náà ni bàbá àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ wà. Fún ìgbà pípẹ́, ohun tí mo mọ̀ nípa rẹ̀ kò ju èyí lọ, nítorí wọn kì í sọ ọ́.

Ní gbogbo ọjọ́ ọjà Agósásà, ọ̀rẹ́ bàbá á gun ọ̀kadà wá láti Ìpókíà. Èmi ni mo máa ń gbé àga méjì síta fún wọn lábẹ́ igi máńgòrò. Wọ́n á jókòó, wọ́n á jẹ ẹ̀pà, wọ́n á gbọ́ rédíò, wọ́n á máa wo àwọn tó ń ru ẹrù lọ sí ọjà. "Ẹnìkejì" ni wọ́n ń pe ara wọn. Nígbà mìíràn, ọ̀kan á sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, àwọn méjèèjì á sì bú sẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wọn, àwa tí a wà nítòsí kò sì ní rí ohun tó pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kan, mo gbé àga àlejò sí apá ọ̀tún bàbá. Bàbá ní kí n gbé e sí apá òsì. Mo béèrè ìdí rẹ̀. Wọ́n ní, "Etí òsì rẹ̀ kò gbọ́ràn mọ́ láti ọjọ́ yẹn. Ọ̀tún rẹ̀ ni mo gbọ́dọ̀ wà." Ìyẹn nìkan ni ìtàn ogun tí mo gbọ́ lẹ́nu wọn títí mo fi pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún.

Nígbà tí olùkọ́ wa kéde ìdíje àròkọ yìí, tí wọ́n ní kí oníkálùkù ṣe lámèyítọ́ ìwé tàbí sinimá tó bá wù ú, mo mọ ohun tí mo ń wá. Mo ń wá ìwé tó lè jẹ́ kí n mọ ohun tó wà láàárín àga méjì yẹn. Ìwé lórí ogun abẹ́lé kò wọ́n, ṣùgbọ́n ìjà ẹni tó jẹ̀bi àti ẹni tó jàre ló gba ojú ewé púpọ̀ nínú wọn. Nítorí náà, mo padà sí ogun tó ṣáájú rẹ̀, ogun Bọ́mà. Ìwé mẹ́ta àti sinimá kan ni mo fẹ́ yẹ̀ wò. Òṣùwọ̀n kan ṣoṣo ni n ó fi wọ̀n wọ́n: kí ni wọ́n fi hàn wá nípa àwọn tó jọ ye ojú ogun kan náà?

Ó yẹ kí ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi kọ́kọ́ mọ ogun tí mò ń sọ. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, èyí tí àwọn baba ńlá wa ń pè ní ogun Hitler, àwọn Gẹ̀ẹ́sì kó ọmọ ogun jọ ní Nàìjíríà, Góòlù Kóòsì, Sàró àti Gáḿbíà. Nǹkan bíi 90,000 nínú wọn ni wọ́n kó gba orí òkun lọ sí Íńdíà àti Bọ́mà láti bá àwọn ará Jàpáànì jà, ọmọ Nàìjíríà ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Dífíṣọ̀n 81, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Nàìjíríà lọ́dún 1943, wọ àfonífojì odò Kaladan ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1944. Àmì aláǹtakùn ló wà lára aṣọ wọn, ìyẹn Ànàǹsé ọlọ́gbọ́n inú àlọ́ àwọn ará Gánà. Kí wọ́n tó dé ibẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ ara wọn la ọ̀nà tó gùn tó máìlì 75 gba orí òkè. Nígbà tí ọ̀nà náà tán, wọ́n fi orí ru ẹrù, ọkọ̀ òfurufú ló sì ń ju oúnjẹ sílẹ̀ fún wọn láti ojú ọ̀run. Ẹni tó bá ti gba iwájú Dodan Barracks tàbí Arakan Barracks kọjá ní Èkó, tàbí Letmauk Barracks ní Ìbàdàn, ti pe orúkọ ilẹ̀ Bọ́mà láìmọ̀.

Ìwé àkọ́kọ́ ni èyí tí Isaac Fadoyebo kọ nípa ìgbésí ayé ara rẹ̀. A Stroke of Unbelievable Luck ni àkọlé rẹ̀. David Killingray ni olóòtú rẹ̀, Yunifásítì Wisconsin ní Amẹ́ríkà ló sì tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dún 1999. Ọmọ Èmùré-Ilé nítòsí Ọ̀wọ̀ ni Fadoyebo. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni nígbà tó lọ forúkọ sílẹ̀ fún iṣẹ́ ológun ní Abẹ́òkúta lọ́dún 1942. Ọjọ́ orí èmi náà nìyẹn, ìlú tí a ń wọ mọ́tò lọ nìyẹn, nítorí náà ìwé náà wọ̀ mí lára láti ìbẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn tó fara gbọgbẹ́ ni wọ́n kọ́ ọ. Ní oṣù kẹta ọdún 1944, àwọn ará Jàpáànì yọ sí òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ létí odò Kaladan. Ìbọn fọ́ egungun ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì bà á níkùn. Àwọn kan kú lójú ẹsẹ̀, àwọn mìíràn kú lẹ́yìn náà. Nígbà tó yá, ó ku òun àti David Kargbo, ọmọ ilẹ̀ Sàró, nínú igbó.

Oṣù mẹ́sàn-án ni wọ́n fi wà níbẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ Mùsùlùmí abúlé tó wà nítòsí ló ń bọ́ wọn. Ọ̀kan nínú wọn, Shuyiman, pa wọ́n mọ́ sínú ilé rẹ̀ nígbà tó yá, bẹ́ẹ̀ ó mọ̀ pé bí àwọn ará Jàpáànì bá rí wọn, òun àti ìdílé òun ni yóò fara gbá a. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1944 ni àwọn ọmọ ogun Gurkha dé, tí wọ́n sì kó wọn jáde.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ràn nínú ìwé yìí ni àkọlé rẹ̀. Oríire ni Fadoyebo pe yíyè rẹ̀. Kò pe ara rẹ̀ ní akọni. Àwa tí a ń ka ìtàn àwọn jagunjagun tí ọta kì í wọlé sí wọn lára, ó dára kí a ka ìtàn ẹni tí ọta wọlé sí lára tí kò sì tijú láti sọ ọ́. Ó sọ nípa ebi, ó sọ nípa ìrora, ó sọ nípa ìgbà tí kò lè dìde. Nígbà tó padà dé, ó ṣiṣẹ́ ọba títí tó fi fẹ̀yìntì, èdè òṣìṣẹ́ ọba ló sì fi kọ ìwé rẹ̀: wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, láìsí àsọdùn. Ẹni tó bá fẹ́ kí ìbọn máa dún ní gbogbo ojú ewé lè sọ pé ìwé náà tutù. Èmi rò pé bí ẹni tí ọ̀rọ̀ ṣẹlẹ̀ sí ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn. Bàbá àgbà mi náà, "ọjọ́ yẹn" nìkan ni wọ́n wí.

Ohun kejì ni bí ìwé náà ṣe jẹ́ kí n ronú nípa ọ̀rẹ́. A máa ń kọ́ wa nílé ẹ̀kọ́ pé kí a yan ọ̀rẹ́ rere. Fadoyebo àti Kargbo kò yan ara wọn. Ìlú wọn yàtọ̀, èdè abínibí wọn yàtọ̀, bí kì í bá ṣe ogun, wọn kì bá tí pàdé láyé. Àwọn tó kù ni wọ́n, ìyẹn ló sọ wọ́n di ẹnìkejì ara wọn. Ẹni tí a bá yan, a lè kọ̀ ọ́ sílẹ̀ lọ́la. Ẹni tó jẹ́ pé òun nìkan ló rí ohun tí ìwọ náà rí, báwo lo ṣe fẹ́ kọ̀ ọ́? Bí ó bá lọ, ẹ̀rí rẹ lọ. Nígbà tí mo ka ibẹ̀ ni mo kọ́kọ́ lóye ìdí tí ọkùnrin tó ti lé ní ọdún márùndínlọ́gọ́rin fi ń gun ọ̀kadà wá jẹ ẹ̀pà ní Agósásà.

Àbùkù ìwé náà wà nínú ohun kan náà. Ohùn kan ṣoṣo ni a gbọ́. Ohun tí Kargbo rò ní òru tí ẹsẹ̀ ẹnìkejì rẹ̀ ń ro ó, ẹnu ẹnìkejì yẹn náà la ti ń gbọ́ ọ. N kò dá Fadoyebo lẹ́bi. Kò sí ẹni tó lè fi ọwọ́ ẹlòmíràn kọ ìwé. Ṣùgbọ́n òǹkàwé gbọ́dọ̀ rántí pé ìdajì ìtàn ló wà lọ́wọ́ òun.

Ìwé kejì ni Burma Boy, ìtàn àròsọ tí Bíyì Bándélé gbé jáde lọ́dún 2007. Kafanchan ni wọ́n bí òǹkọ̀wé náà sí lọ́dún 1967, ó sì kú lọ́dún 2022. Bàbá rẹ̀ jagun Bọ́mà, nítorí náà ilé rẹ̀ ló ti kọ́kọ́ mọ̀ nípa ogun náà. Olú ẹ̀dá-ìtàn rẹ̀ ni Ali Banana, ọmọdé kan tó purọ́ ọjọ́ orí rẹ̀ kí wọ́n lè jẹ́ kí ó jà. Òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wà lára àwọn tí wọ́n ń pè ní Chindit, tí ọ̀gágun Wingate rán lọ sí ẹ̀yìn àwọn ọ̀tá lọ́dún 1944.

Iṣẹ́ ńlá tí Bándélé ṣe ni ẹ̀rín. Àwọn ọmọ ogun inú ìwé rẹ̀ ń yájú, wọ́n ń ṣakọ, wọ́n ń bú ara wọn, wọ́n ń purọ́ fún ara wọn, bẹ́ẹ̀ ikú wà ní ẹ̀yìn wáyà. Èdè wọn kò pa pọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ìgbà tí ẹnìkan nílò ẹ̀fẹ̀. Kí n tó ka ìwé yìí, mo rò pé ẹ̀rín bàbá àti ọ̀rẹ́ wọn jẹ́ ẹ̀rín àgbàlagbà tó ń gbàgbé nǹkan. Lẹ́yìn tí mo kà á tán, mo rí i pé ẹ̀rín ti wà lójú ogun náà, àti pé bóyá òun ni nǹkan kan ṣoṣo tí wọ́n rí gbé bọ̀ láti ibẹ̀ tí kò dùn wọ́n.

Síbẹ̀, mo ní ẹjọ́ méjì bá ìwé náà. Àkọ́kọ́, ọ̀dọ̀ Wingate, ọ̀gágun òyìnbó, ní ìlú Cairo ni ìtàn ti bẹ̀rẹ̀. Mo mọ ìdí rẹ̀: òǹkọ̀wé fẹ́ kí a mọ irú orí tó ń darí ogun náà. Ṣùgbọ́n nínú ìwé tí a fi orúkọ ọmọ ogun dúdú pe àkọlé rẹ̀, ó dùn mí pé òyìnbó ló kọ́kọ́ wọlé. Ìkejì wúwo jù ú lọ. Inú igbó Bọ́mà ni ìtàn parí sí. A rí bí ọ̀rẹ́ ojú ogun ṣe ń bẹ̀rẹ̀, a kò rí bó ṣe ń dàgbà. Ali Banana kò ní ọjọ́ ọjà, kò ní igi máńgòrò. Ìtàn àròsọ ní ẹ̀tọ́ láti dúró níbi tó bá wù ú, n kò sì sọ pé ó burú. Mo kàn ń sọ pé fún òṣùwọ̀n tí mo mú lọ́wọ́, ìlàjì ọ̀nà ló gbé mi dé.

Sinimá tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí kan àwa ará ẹnubodè gan-an. Láti Agósásà, ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ kò jìnnà rárá, ẹbí wa sì wà níhìn-ín àti lọ́hùn-ún. Lábẹ́ ìjọba òyìnbó, àwọn tó wà níhìn-ín di ti Gẹ̀ẹ́sì, àwọn tó wà lọ́hùn-ún di ti Faransé. Ọ̀jọ̀gbọ́n Anthony Asíwájú kọ ọ́ sínú ìwé wọn tó jáde lọ́dún 1976 pé àwọn ìdílé kan sá kúrò lábẹ́ Faransé wá sí ọ̀dọ̀ wa, nítorí iṣẹ́ ipá àti nítorí bí wọ́n ṣe ń fi agbára mú ọmọkùnrin lọ fún iṣẹ́ ológun. Àwọn tí kò rí ọ̀nà sá di ọmọ ogun Faransé. Nítorí náà, bí a bá ń sọ ìtàn ogun Hitler ní ilẹ̀ Yewa, tí a sì dúró sí Bọ́mà, apá kan ìtàn wa la sọ.

Camp de Thiaroye ni orúkọ sinimá náà. Ousmane Sembène àti Thierno Faty Sow ló ṣe é lọ́dún 1988. Ìtàn ohun tó ṣẹlẹ̀ nítòsí Dakar ni. Àwọn ọmọ ogun dúdú tí wọ́n ti wà ní ìgbèkùn Jámánì padà dé, wọ́n béèrè owó iṣẹ́ wọn, ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá ọdún 1944 àwọn ọmọ ogun Faransé sì yìnbọn fún wọn. Ẹ kíyè sí oṣù náà. Oṣù tí wọ́n gbé Fadoyebo àti Kargbo jáde láàyè nínú igbó Bọ́mà ni wọ́n pa àwọn wọ̀nyí ní bèbè ilé.

Ẹ̀dá-ìtàn kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Pays. Ohun tí ojú rẹ̀ rí ní ìgbèkùn ti gba ohùn lẹ́nu rẹ̀; kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Òun ló ń ṣọ́nà lóru ọjọ́ náà. Ó rí ọkọ̀ ogun tó ń bọ̀, ó sáré lọ jí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ júwe. Wọn kò gbà á gbọ́. Wọ́n rò pé ìgbèkùn ló tún ń rí lójú ara rẹ̀. Àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ ni wọ́n, wọ́n sì fi ìfẹ́ tù ú nínú títí ọkọ̀ ogun fi dé. Mo ka èyí sí ibi tó jinlẹ̀ jù nínú gbogbo ohun tí mo yẹ̀ wò. Ó kọ́ wa pé a lè fẹ́ràn ẹni tí ogun bà jẹ́, kí a máa tọ́jú rẹ̀ dáadáa, kí a má sì gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Bí ẹ ó ti rí i níwájú, ẹ̀kọ́ yìí kò jìnnà sí ilé wa. Àléébù sinimá náà ni pé ó gùn ju bó ṣe yẹ lọ, àwọn òyìnbó inú rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ àwòrán lásán, yàtọ̀ sí ẹnìkan tàbí méjì. Ṣùgbọ́n Pays nìkan tó láti mú kí a wò ó.

Ìwé tó kẹ́yìn ni Another Man's War, tí Barnaby Phillips, akọ̀ròyìn ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ti gbé ní Nàìjíríà rí, gbé jáde lọ́dún 2014. Ó wá Fadoyebo lọ, ó jókòó tì í, ó sì gba lẹ́tà lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó lọ sí Bọ́mà láti wá Shuyiman rí. Lọ́dún 2011 ni sinimá tó ṣe nípa ìrìn-àjò náà jáde. Shuyiman ti kú kí ó tó dé, ṣùgbọ́n ó rí ìdílé rẹ̀, ó sì ka ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ Fadoyebo fún wọn. Fadoyebo fúnra rẹ̀ kú lọ́dún 2012.

Ohun tí Phillips fi kún ìtàn ni ọ̀rẹ́ kẹta. Nínú ọ̀rọ̀ àwọn tó ye ojú ogun, àwọn ọmọ ogun nìkan la sábà máa ń kà. Àgbẹ̀ tó gbé ìrẹsì wá lóru kò ní báàjì, kò ní owó ìfẹ̀yìntì, bẹ́ẹ̀ láìsí i, kò sí ẹni tí ì bá kọ ìwé. Phillips lo ọ̀pọ̀lọpọ̀ ojú ewé láti wá a, mo sì gbóríyìn fún un. Ibi tí mo ti bá a jà ni àkọlé kékeré ìwé náà, tó pe àwọn wọ̀nyí ní ọmọ ogun Áfíríkà tí Gẹ̀ẹ́sì gbàgbé. Ó dà bí ẹni pé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló yẹ kó rántí. Àwa ńkọ́? Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kìíní ọdọọdún, ìjọba ń ṣe ayẹyẹ ìrántí àwọn ọmọ ogun, wọ́n ń gbé òdòdó sílẹ̀, wọ́n ń tú ẹyẹlé sílẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ta ló ń béèrè lọ́wọ́ bàbá tó jókòó sí iwájú ilé?

Orí lẹ́tà yìí ni mo ti pa ìwé náà dé, n kò sì lè kà á lọ lálẹ́ ọjọ́ náà. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀.

Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, ọ̀rẹ́ bàbá àgbà mi kú ní Ìpókíà. Àwọn ọmọ wọn ránṣẹ́ sí bàbá mi. Àwọn àgbà ilé wa jókòó, wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má sọ ọ́ fún bàbá, nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru. Wọ́n ní a ó máa fi ọgbọ́n sọ ọ́ fún wọn díẹ̀díẹ̀. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ṣe é, èmi náà sì dákẹ́. Ọjọ́ ọjà kan dé, bàbá ní kí n gbé àga méjì síta, mo gbé e. Ẹnikẹ́ni kò wá. Ọjọ́ ọjà kejì dé, mo tún gbé e. Ní ọjọ́ ọjà kẹta, bàbá wò mí bí mo ṣe ń gbé àga kejì sí apá òsì wọn. Wọ́n ní, "Gbé e wọlé. Kò sí ọjọ́ tí kò wá rí tí kò ránṣẹ́." Mo dúró, n kò mọ ohun tí n ó sọ. Wọ́n ní, "Ẹ rò pé ikú ni mi ò mọ̀?"

Wọn kò bínú sí wa. Ìyẹn ló dùn mí jù. A ti sin ẹnìkejì wọn láìsí wọn níbẹ̀. Nínú gbogbo àwọn tó dúró létí sàréè ọkùnrin náà, kò sí ẹnìkan tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí etí òsì rẹ̀. Ẹni tó mọ̀ ọ́n jókòó ní Agósásà, ó ń retí ọ̀kadà. A ṣe fún bàbá bí àwọn ẹgbẹ́ Pays ṣe ṣe fún un: a fẹ́ràn wọn, a kò bi wọ́n léèrè. Akọ̀ròyìn àjèjì gbé ọ̀rọ̀ ọkùnrin kan láti Nàìjíríà dé Bọ́mà lẹ́yìn ohun tó lé ní ọgọ́ta ọdún, àwa kò lè gbé ọ̀rọ̀ láti Ìpókíà dé Agósásà.

Mo mọ ohun tí àwọn òbí kan lè sọ. Wọ́n lè ní kí a má fi ìwé ogun dá ọmọ láàmú, tàbí kí a jẹ́ kí àwọn àgbà sinmi, kí a má ru egbò wọn sókè. Mo ti rò ó. Ogun tí a kò sọ ni ọmọdé máa ń rò pé ó dùn. Kò sí ẹni tó máa ka Fadoyebo tán tí yóò fẹ́ lọ jagun. Ní ti egbò, ara àwọn méjèèjì ló wà. Ẹ̀pà àti rédíò ni wọ́n ń fi tọ́jú rẹ̀, wọ́n sì ń tọ́jú rẹ̀ pọ̀. Ohun tí a ṣe nígbà tí a fi ikú pa mọ́ ni pé a gba ìtọ́jú náà lọ́wọ́ ẹni tó kù, a sì fi í sílẹ̀ pẹ̀lú egbò nìkan.

Bí ẹ bá wá bi mí pé èwo ni kí a fi kọ́ ọmọ nílé ẹ̀kọ́, èmi yóò mú Fadoyebo. Bándélé mọ ìtàn sọ jù ú lọ, Phillips mọ ìwádìí jù ú lọ, Sembène sì rí jìnnà jù ú lọ. Ṣùgbọ́n òun nìkan ló wà níbẹ̀, òun nìkan ló sì jẹ́ kí n mọ̀ pé ẹni tó ye ogun kì í yè é tán ní òun nìkan. Ìwé náà kò nípọn, ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gíga lè kà á tán ní ọ̀sẹ̀ kan. Ọmọ Yorùbá ló kọ ọ́, ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, Amẹ́ríkà ló sì ti jáde. Mo bẹ ẹ̀yin olùkọ́ èdè wa, ẹ jẹ́ kí a túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, kí bàbá tí kò ka Gẹ̀ẹ́sì lè gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọ ọmọ rẹ̀.

Mo ti bẹ̀rẹ̀ nílé wa. Ní ọjọ́ ọjà, mo ń gbé àga méjì síta, mo sì ń jókòó sórí èkejì. Mo ń ka ojú ewé díẹ̀, mò ń sọ ọ́ ní Yorùbá fún bàbá. Níbi tí ìbọn ti dún létí odò Kaladan, wọ́n ní kí n dúró. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ àwọn tó wà nínú ọkọ̀ ojú omi náà fún mi, lọ́kọ̀ọ̀kan, títí kan orúkọ tí ìyá ẹnìkejì wọn sọ ọ́, èyí tí n kò gbọ́ rí. Mo mú bírò, mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.